Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ lọọ sinmi ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ṣọ́ ojú owó yín o

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá lọọ lo ìsinmi lókè òkun, tó náwó títí tápò ẹ̀ fi gbẹ, yóò padà sílé, yóò fún ìgbànú mọ́ ìdí, yóò sì máa retí ìparí oṣù. Oníṣòwò kò nírú ìparí oṣù bẹ́ẹ̀. Owó tí ìyá aláṣọ fi ra báàgì ní Oxford Street àti owó tó yẹ kó fi kó ọjà sí ṣọ́ọ̀bù tó bá dé, inú àpò kan náà ni méjèèjì ti ń jáde. Bó ṣe ń ná an lọ́hùn-ún ni ọjà rẹ̀ ń dín kù nílé, kò sì ní í mọ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà béèrè nǹkan mẹ́ta, tí kò sí ọ̀kan níbẹ̀.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ló sì ṣòro jù láti ṣọ́, torí ìlú tí ọ̀pọ̀ wa ní ẹbí sí ni. Èèyàn á ti máa rò ó lọ́kàn pé òun kò ní í sanwó òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀dọ̀ àbúrò òun ní Peckham lòun máa dé sí, ṣebí ìnáwó ti fúyẹ́ nìyẹn. Owó òtẹ́ẹ̀lì tí kò san yìí náà ni yóò dà sórí ọjà àti oúnjẹ, tí yóò sì tún fi kún un.

Ká má sì gbàgbé ibi tí náírà wa dúró sí. Kó tó di oṣù kẹfà, ọdún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, jọ̀wọ́ náírà kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu iye rẹ̀, dọ́là kan kò tíì tó N500 lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ọdún 2024, ó ti kọjá N1,500. Pọ́n-ùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò dúró lẹ́yìn. Kí ìṣirò lè rọrùn, N2,000 la máa fi ka Pọ́n-ùn kan nínú ìròyìn yìí. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ rìnrìn-àjò ni kó lọọ béèrè iye tó jẹ́ gan-an lọ́jọ́ tó bá fẹ́ẹ́ ṣẹ́wó.

Ohun tó ń tan àwọn tó ti lọ síbẹ̀ rí jẹ jù lọ ni owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT. Àwọn tó lọ sí Ìlú Ọba ní bí ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn mọ̀ pé nígbà náà, bí àlejò bá rajà, yóò gba fọ́ọ̀mù nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn aṣọ́bodè yóò lu òǹtẹ̀ sí i ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n yóò sì dá owó orí náà padà fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó iṣẹ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ṣì ń fi èyí ṣe ìṣirò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021 ni ìjọba ibẹ̀ ti fòpin sí i ní England, Scotland àti Wales. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, Kwasi Kwarteng tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó wọn nígbà náà kéde pé àwọn máa dá a padà, ṣùgbọ́n oṣù tó tẹ̀ lé e ni Jeremy Hunt tó gbapò rẹ̀ wọ́gi lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣáà rà á, pé ẹ máa gbowó yín padà ní Heathrow, ìtàn àtijọ́ ló ń pa.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó túmọ̀ sí. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìdá 20, ni VAT ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sára ọjà. Bí kóòtù kan bá jẹ́ £120, £100 lowó kóòtù, £20 yòókù ti ìjọba ni. Bí gbogbo ohun tí èèyàn rà bá jẹ́ £600, £100 ti lọ sí VAT. N200,000 nìyẹn lójú ìṣirò tiwa, kò sì sí ẹni tó máa dá a padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ni kí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ fi ọjà náà ránṣẹ́ tààrà sí òkè òkun. Tí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n lè má gba VAT, àmọ́ owó ìfiránṣẹ́ ń bẹ níwájú, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa náà sì ń dúró de ẹrù. Kì í sábà bá ẹni tó kàn ra aṣọ àti bàtà lára mu.

Ní France, wọ́n ṣì ń dá owó orí padà fún àlejò tó bá rajà tó lé ní Yúrò 100 nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹni tí ìrìnàjò rẹ̀ bá gba Paris kọjá, tó sì ní físà ibẹ̀, lè fi ọjà olówó ńlá pamọ́ di ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn tìtorí báàgì kan wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Paris láti Lọ́ńdọ̀nù, owó ọkọ̀ náà yóò jẹ èrè ibẹ̀ tán.

Ohun tí àwọn èèyàn wa kì í sábà kíyè sí ni pé àwọn nǹkan kan wà tí VAT kò sí lórí wọn rárá. Aṣọ àti bàtà ọmọdé, ìyẹn èyí tó bá ìwọ̀n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 mu, kò ní in. Ìwé kíkà kò ní in. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kò ní in, àmọ́ ṣokoléètì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti gúgúrú inú ọ̀rá ní tiwọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ṣokoléètì ni ẹ̀bùn tó máa ń kún àpótí wa jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀bùn òun níye lórí, kí ìnáwó rẹ̀ má sì pọ̀ jù, aṣọ àwọn ọmọ ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yìí gan-an ló ń ba ìṣirò jẹ́. Kí lẹ mú bọ̀ fún wa? Ìbéèrè yẹn kì í jẹ́ kéèyàn sùn lọ́sẹ̀ tó bá fẹ́ẹ́ padà sílé, òun ló sì ń lé èèyàn wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí kò lè ṣa ohun tó dáa. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ni kẹ́ ẹ ti kọ orúkọ àwọn tẹ́ ẹ máa ra nǹkan fún, kẹ́ ẹ kọ iye tẹ́ ẹ máa ná sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ rẹ̀ ní náírà, kì í ṣe ní Pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn 15 kéré lójú. N30,000 kò kéré.

Ní ti ibi tí wọ́n ti ń rajà, ẹni tó mọ ọjà ná ní Balógun yóò rí i pé ọgbọ́n ìnájà òun kò wúlò púpọ̀ ní Oxford Street. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni wọ́n ń tà á. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ bá yàn lẹ fi ń nájà. Láti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, wọnú oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n máa ń já owó ọjà wálẹ̀, wọ́n sì tún ń ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn láàárín oṣù kẹfà àti ìkeje. Ìparí oṣù kọkànlá ni ti Black Friday tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Kóòtù òtútù tó gbówó lórí lóṣù kọkànlá lè di ìdajì iye rẹ̀ kó tó di ìparí oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí àwọn òyìnbó ti ń retí oòrùn. Àwa tá a ń gbé níbi tí ooru ti ń mú ni kò yẹ kó máa sáré ra kóòtù rárá, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Primark ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ̀ fún aṣọ ọ̀pọ́, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó tóbi sì wà ní Oxford Street, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Marble Arch, ìkejì lápá Tottenham Court Road. TK Maxx ni ti àwọn tó fẹ́ aṣọ tàbí bàtà olórúkọ ńlá tí ṣọ́ọ̀bù mìíràn kò tà tán. Ṣùgbọ́n ibi tí owó ti ń ṣẹ́ kù jù ni ibi tí ojú ń ti àwọn èèyàn wa láti wọ̀, ìyẹn àwọn ṣọ́ọ̀bù aláàánú tí Oxfam àti àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwọn ń ta ohun tí àwọn èèyàn fi tọrẹ. Ẹ̀yin ẹ wò ó ná. Òkìríkà tá à ń ṣà ní Katangua, tí òfin ilẹ̀ wa tiẹ̀ kà á léèwọ̀ láti kó wọlé, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí irú àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kò rí tà. Èyí tó dáa jù ti kù sọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ẹ lọ sí èyí tó wà ládùúgbò àwọn olówó, bíi Chelsea, Kensington àti Hampstead, torí ohun tí olówó wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó sú u, ibẹ̀ ló ń gbé e lọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ọjà tó jọ ọjà, Ridley Road wà ní Dalston, East Street wà ní Walworth, Rye Lane sì wà ní Peckham. Wọ́n ń ta èso àti ẹ̀fọ́ nínú abọ́ fún iye kan pàtó, èèyàn sì lè tọwọ́ bọ iye díẹ̀díẹ̀, pàápàá tí ọjọ́ bá ti ń rọ̀. Ọjà Petticoat Lane náà wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Liverpool Street. Ojú pópó Wentworth tó wà níbẹ̀ làwọn Yorùbá ti ń ra léèsì àti ànkárá láti ọjọ́ pípẹ́, àní ọ̀pọ̀ ló kàn máa ń pe ọjà náà ní Liverpool Street. Kẹ́ ẹ tó ra léèsì níbẹ̀, ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán ní Lagos, kó bá yín béèrè iye tí irú rẹ̀ jẹ́ níbí. Ó lè yà yín lẹ́nu.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé àwọn á ra ọjà díẹ̀ bọ̀ láti tà, kí wọ́n lè fi rí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún tí Pọ́n-ùn kò wọ́n, ó ṣeé ṣe kí ó mówó wọlé. Ní báyìí, ẹni tó bá ra nǹkan ní iye tí wọ́n ń tà á fún ẹni tó fẹ́ lò ó, tó san VAT lé e, tó sì fi N2,000 ra Pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ẹ́ wá bá àwọn tó ń kó kọ̀ǹtẹ́nà wọlé láti China du oníbàárà kan náà ni. Bí ẹrù bá sì ti pọ̀ ju ti ẹni tó fẹ́ẹ́ lò ó fúnra rẹ̀ lọ, kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ibodè lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lọọ ra ọjà títà, kó pè é ní ìrìnàjò ọjà, kó wá àwọn tó ń tà á ní ọ̀pọ̀, kó sì ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀. Kó má dà á pọ̀ mọ́ owó ìsinmi.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ibẹ̀ lowó ti ń jò láìjẹ́ kí èèyàn mọ̀, torí aṣọ téèyàn rà ṣì wà níbẹ̀ láti wò, oúnjẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé tọkọtìyàwó kan wọ ilé oúnjẹ kan láàárín ìgboro, oúnjẹ wọn jẹ́ £60. Nísàlẹ̀ ìwé owó, wọ́n á rí i pé wọ́n ti fi £7.50 kún un, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé service charge ni, ìyẹn owó àwọn tó gbé oúnjẹ. Ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. N15,000 nìyẹn. Tí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ náà discretionary sí i, kì í ṣe dandan, èèyàn lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò bí ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òótọ́ ni pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, òfin ti pàṣẹ pé àwọn òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ gba gbogbo owó yìí, kì í ṣe ọ̀gá wọn, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa kò ní í fẹ́ẹ́ ṣahun. Ohun tí kò bójú mu ni kéèyàn san án nínú ìwé owó láìmọ̀, kó tún wá fi owó mìíràn sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ ka ìwé owó náà láti òkè délẹ̀ kẹ́ ẹ tó na káàdì.

Omi náà wà ńbẹ̀. Tí ẹni tó gbé oúnjẹ bá béèrè irú omi tẹ́ ẹ fẹ́, inú ìgò ló ń sọ, owó sì ni. Ní England, òfin sọ pé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gbàṣẹ láti ta ọtí fún àwọn tó ń mu ún níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún oníbàárà lómi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá béèrè. Kẹ́ ẹ ṣáà sọ pé tap water lẹ fẹ́. Omi ẹ̀rọ wọn ṣeé mu, àwọn onílùú gan-an ló ń mu ún, kò sì sí ẹni tó máa fojú tálákà wò yín.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àlejò kì í mọ̀. Bí ẹ bá ra sáńwíìṣì tútù, tẹ́ ẹ gbé e jáde, VAT kò sí lórí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìdá 20 ti wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí iye méjì fi máa ń wà lára ọjà láwọn ibòmíì. Oúnjẹ gbígbóná kò sí nínú àǹfààní yìí, ẹ gbé e jáde tàbí ẹ jókòó, VAT wà lórí rẹ̀. Nígbà tójú ọjọ́ bá dáa, ọgbà ìtura tó wà káàkiri ìlú náà ni ilé oúnjẹ tó rọ owó jù.

Súpámákẹ́ẹ̀tì ni ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀. Tesco, Sainsbury's àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń di sáńwíìṣì, ohun mímu àti ìpápánu kan pọ̀ fún iye kan, wọ́n ń pè é ní meal deal, ó sì ń gbé èèyàn dé alẹ́. Àmọ́ iye tó kéré jù lára ọ̀pọ̀ ọjà wọn, ẹni tó ní káàdì oníbàárà wọn nìkan ló wà fún, ìyẹn Clubcard ní Tesco àti Nectar ní Sainsbury's. Ẹ yá ti àbúrò tẹ́ ẹ dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Tí alẹ́ bá ti ń lẹ́, wọ́n máa ń lẹ ìwé pélébé aláwọ̀ yẹ́lò mọ́ oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́ pé, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Aldi àti Lidl, tí àwọn ará Jámánì ni wọ́n, sì sábà máa ń dínwó ju àwọn yòókù lọ fún ẹni tó bá fẹ́ẹ́ se oúnjẹ nílé.

Ẹni tó bá sì fẹ́ẹ́ wọ ilé oúnjẹ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kó lọ lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tó wọ́n lálẹ́ ló ń ta oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ fún iye kan lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, ọwọ́ kan náà ló sì ń sè é. Ní ti àmàlà àti iyán lójú ọ̀nà Old Kent Road, ẹ jẹ ẹ́ tí àárò ilé bá ń ṣe yín, àmọ́ ẹ rántí pé abọ́ kan lọ́hùn-ún lè ra abọ́ mélòó kan níbi tẹ́ ẹ ti wá. Iṣu àti ata rodo wà ní Rye Lane. Ìyàwó ilé tẹ́ ẹ dé sí yóò dúpẹ́ bí ẹ bá rà wọ́n wálé, tẹ́ ẹ sì wọ ilé ìdáná fúnra yín.

Owó fúnra rẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Ìparí ọdún 2022 wọ 2023 ni ọ̀pọ̀ báńkì wa dá lílo káàdì náírà lókè òkun dúró, nígbà tó sì di ọdún 2025 làwọn kan lára wọn tún ṣí i. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ báńkì yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé pé ṣé tiyín ń ṣiṣẹ́, eélòó sì ni òdiwọ̀n rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá béèrè lọ́wọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù pé ṣé Pọ́n-ùn lẹ fẹ́ẹ́ fi san án tàbí owó ilẹ̀ yín, Pọ́n-ùn ni kẹ́ ẹ yàn. Ẹni tó bá yan owó ilé, oníṣòwò ẹ̀rọ yẹn ló fún láǹfààní láti ṣẹ́ owó náà ní iye tó wù ú.

Ẹ má sì lọ síbẹ̀ láìní káàdì rárá. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́, bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù sì ti ṣíwọ́ gbígba owó lọ́wọ́ láti ọdún 2014. Bọ́ọ̀sì yìí dínwó ju ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ. Lọ́dún 2025, £1.75 ni, ẹni tó bá sì tún wọ òmíràn láàárín wákàtí kan, kò ní í san owó mìíràn.

Ẹni tó bá tọ́jú Pọ́n-ùn pamọ́ sínú àpótí láti ìrìnàjò àtijọ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Owó rọ́bà ni wọ́n ń ná báyìí. Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022 ni £20 àti £50 oníbébà kásẹ̀ nílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kò sì ní í gbà á. Kò tíì ṣòfò o, torí Bank of England ṣì ń pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó máa gba àkókò nínú ìsinmi yín. Ẹ ṣọ́ra kẹ́ni tó ń ṣẹ́wó fún yín níbí má kó irú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 fún oníbàárà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó bá lábùkù padà, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí àdírẹ́sì ẹbí yín, ẹ lè yí ọkàn padà lórí ọ̀pọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 tó dé ọwọ́ yín. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ rajà, kì í ṣe ọjọ́ tó ku ọ̀la. Ẹni tó rajà lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, tí bàtà kò bá ẹsẹ̀ mu nígbà tó délé, ta ni yóò bá a dá a padà?

Ní ti ẹrù, ẹ wọ̀n ọ́n nílé kẹ́ ẹ tó gbéra. Kílò tó bá lé ní pápákọ̀ òfurufú máa ń jẹ owó tó lè ju ti ọjà inú rẹ̀ lọ. Ẹ má sì fi ọjà kankan pamọ́ di ṣọ́ọ̀bù inú pápákọ̀ pẹ̀lú èrò pé owó orí kò sí níbẹ̀, àǹfààní yẹn ti kúrò lórí aṣọ àti ẹ̀rọ láti ọdún 2021, ó ku ọtí àti tábà.

Owó wẹ́wẹ́ tó bá ṣẹ́kù sápò ńkọ́? Àwọn tó ń ṣẹ́wó kì í gba kọ́ìnsì. Ẹ dà á sínú ẹ̀rọ ìsanwó tó ń gba owó lọ́wọ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra ohun tẹ́ ẹ máa jẹ lọ́nà, kẹ́ ẹ wá fi káàdì san ìyókù.